Bí mo ṣe tún heat pump ilé wa ṣètò lásìkò òtútù

Oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni wọ́n wá yọ bọ́ílà gáàsì tó ń mú ilé móoru kúrò nílé wa ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé heat pump tó ń lo iná mànàmáná síbẹ̀, onílé ló ṣe é, àwa ò san kọ́bọ̀. Ẹni tó wá fi í síbẹ̀ fi bọ́tìnnì méjì hàn wá, ó bá tiẹ̀ lọ. Oòrùn ń ràn nígbà yẹn, ta ló ń ro ti ìgbà òtútù. Àfi ìgbà tó di oṣù kọkànlá tí mo bímọ, tí Màámi dé láti Ìbàdàn láti wá bá mi tọ́jú ọmọ, ilé ò móoru, bẹ́ẹ̀ iná tí à ń jó lójúmọ́ ti lé ní yúnìtì 40, yúnìtì kan sì tó nǹkan bíi pẹ́nì 26 nígbà yẹn. Ó lé ní pọ́ùn mẹ́wàá lóòjọ́ nìyẹn o!

Ọmọ ò kúkú jẹ́ kí n sùn lóru, mo bá gbé ìwé ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí mo ṣe ń fún ọmọ lọ́mú ni mò ń kà á, ó sì gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó yé mi dáadáa. Bọ́ílà gáàsì máa ń dáná ni, á sè omi dé dígírì 65, 70, rédíétọ̀, irin ara ògiri tí omi náà ń gbà kọjá, á gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè gbà á, kíá ilé á móoru, ẹ pa á. Heat pump ò dáná. Ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà wọlé, àní nígbà tí ìta tutù bíi yìnyín, bí omi tó ń rán sínú rédíétọ̀ bá sì ṣe gbóná tó ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ fún un tó. Tó bá jẹ́ omi 35 sí 40 dígírì ló ń rán, yúnìtì iná kan lè mú ooru yúnìtì mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin, wá fún yín. Tiwa, 55 ni wọ́n fi í sí.

Mo wọ ibi tí wọ́n ń pè ní weather compensation. Ibẹ̀ lẹ ó ti sọ fún ẹ̀rọ pé bí ìta bá ṣe tutù sí ni kí omi gbóná sí. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ìta bá wà ní -3 kí omi jẹ́ 55, tó bá jẹ́ 15 kí omi jẹ́ 40. Díẹ̀díẹ̀ ni mo sọ ọ́ di 45 àti 30. Mo wá ṣí gbogbo rédíétọ̀ sílẹ̀ gbayawu, torí àwọn tá a ti dé pa ni ò jẹ́ kí omi rìn dáadáa, thermostat pálọ̀, ohun tó ń ṣọ́ bí ilé ṣe móoru tó, ni mo fi sí 20 tí mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Tẹ́lẹ̀, a máa ń pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́ ká tún tàn án ní mẹ́fà àárọ̀, àṣìṣe ńlá ni, torí ilé á ti tutù pátápátá, ẹ̀rọ á wá máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní báyìí 18 ló wà lóru, kì í kú.

Màámi gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, nǹkan yìí ò ṣiṣẹ́, ó kàn lọ́ wọ́rọ́ ni." Mo ní ẹ má wo ti rédíétọ̀ mà, ẹ wo ilé. Wọ́n fẹ́ ká fi sí 24 nítorí ọmọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ ti sọ fún wa pé 16 sí 20 ló dáa fún yàrá tí ọmọ ìkókó ń sùn, mo rọra ṣàlàyé, wọ́n gbà.

Ẹ má sọ ìgbóná omi rédíétọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Dígírì méjì méjì ni mo ń yọ, màá dúró ọjọ́ méjì, torí ilé kì í tètè gbọ́. Nígbà tí mo dé 41, yàrá ẹ̀yìn tí oòrùn kì í dé bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, mo bá padà sí 43.

Omi ìwẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n fi tẹ́ńkì sí 60, ojoojúmọ́, heat pump ò sì fẹ́ràn àti dé ibẹ̀, immersion, irin iná tó ń gbóná nínú tẹ́ńkì, ló ń bá a parí ẹ̀, ìyẹn sì rèé, yúnìtì kan fún yúnìtì kan ni, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Owó wa ń jáde láìmọ̀. Mo fi sí 48, mo ní kó máa sè é láàárín aago kan sí mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí ìta móoru díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ti 60 rẹ́ pátápátá. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń fa àìsàn, legionella ló ń jẹ́, omi lílọ́ wọ́rọ́ ló fẹ́ràn, 60 ló ń pa á, torí náà gbogbo ọjọ́ Sunday ni tiwa máa ń dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Omi 48 tó fún ìwẹ̀, a ṣì ń bu omi tútù là á. Èyí tí Màámi fi ń tẹ ikùn fún mi ni kò tó, kẹ́tù ni wọ́n fi ń sè ìyẹn, wọ́n á dà á sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi aṣọ ìnura kan bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ké sí mi pé ẹ̀rọ ń jóná lẹ́yìn ilé. Èéfín funfun lóòótọ́, àmọ́ ooru omi ni. Yìnyín tó dì mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń yọ́ fúnra ẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Ohun tí mo ṣe níbẹ̀ ò ju pé mo gbé bíìnì ìdọ̀tí kúrò níwájú ẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá.

Lánàá tí ìta wà ní 4 dígírì, yúnìtì 26 la jó. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ló kù, mo ti kọ̀wé sí onílé pé kí wọ́n bá wa fi rédíétọ̀ tó tóbi síbẹ̀, tí wọ́n bá ṣe é màá tún gbìyànjú 41.