Ẹ wọn ẹṣin kí ẹ tó wọn ọmọ: bí mo ṣe wá ẹni tí yóò gun póònì kékeré mi

Aránṣọ ni mí, Fádéyí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Gbèsè ló sọ mí di ẹlẹ́ṣin. Oníbàárà mi kan jẹ mí lówó aṣọ ẹbí méjìlélógún, ó fẹ́ jápa, kò rówó san, ló bá ní kí n gba póònì ọmọ òun, irú ẹṣin tí kì í ga púpọ̀, dípò. Inú bí mi títí, mo sì gbà á. Dúdúyẹmí ni ọmọ mi obìnrin sọ ọ́. Agége ló wà, nínú ọgbà kan tí Màláàmù kan ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lọmọ mi fi gùn ún. Nígbà tó máa fi wọ JSS3, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ré kọjá ikùn ẹṣin, bíi ti àgbàlagbà tó jókòó sórí àpótí ọmọdé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ kékeré kiri nìyẹn, torí póònì tó bá ń jẹun láìṣiṣẹ́ á kàn máa sanra ni, ọ̀rá yẹn sì lè bá pátákò rẹ̀ jà débi tí kò ní lè tẹlẹ̀ dáadáa mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ póònì tàn yín o. Ní pápá polo ní Ìkòyí, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1904, póònì ni wọ́n ń pe gbogbo ẹṣin tí wọ́n fi ń gbá polo, bẹ́ẹ̀ àwọn géńdé ló ń gùn wọ́n. Tèmi ò ga ju ínǹṣì 46 lọ láti ilẹ̀ dé èjìká. Àyà mi ló dé.

Kí ẹ tó máa wo ọmọ ọlọ́mọ, ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Téèpù aránṣọ tó o. Ẹ fi yí àyà rẹ̀ ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kó gba ibi gíga tí ọrùn parí sí tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró kó mí síta kí ẹ tó ka nọ́ńbà, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìyàwó tó bá ń fa ikùn wọlé níwájú mi. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí. Àyà Dúdúyẹmí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140, gígùn rẹ̀ 130. Ẹ sọ 140 di púpọ̀ lọ́nà 140, ẹ tún sọ èyí tó bá jáde di púpọ̀ lọ́nà 130, kí ẹ wá fi 11,880 pín gbogbo rẹ̀. Kílò ẹṣin lẹ rí yẹn. Tèmi jẹ́ nǹkan bí 214. (Téèpù wa kì í ju 150 lọ, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ bá sanra jù bẹ́ẹ̀ á so méjì pọ̀.)

Ohun tí àwọn ẹlẹ́ṣin máa ń sọ ni pé ẹṣin tí ara rẹ̀ le lè ru ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, gàárì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn á fún mi ní 43. Èmi kì í débẹ̀. Ooru Èkó kì í ṣeré, Dúdúyẹmí náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni mo mú: kílò 32. Gàárì nìkan jẹ́ 5. Ọmọ, bàtà àti akoto, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 27 lọ.

Ojú mi ti rí i kí n tó gbọ́n. Nígbà tí mi ò tíì mọ ìṣirò kankan, mo gbé ọmọkùnrin kan sórí rẹ̀ níbi ọjọ́ ìbí, ọmọ tó rí kìtìkìtì, ìyá rẹ̀ ń ya fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n yí ọgbà po. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Màláàmù fi ìka méjì tẹ ẹ̀yìn ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Awọ rẹ̀ gbọ̀n rìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ rì sílẹ̀ lábẹ́ ìka náà, etí méjèèjì lẹ̀ mọ́ ọrùn. Bí a ṣe gbé gàárì yọ, ó yíjú padà láti bù mí jẹ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì la ò fi dì í ní gàárì. Màláàmù ò bá mi wí, ó kàn wò mí lójú ni. Ìbá tiẹ̀ bú mi.

Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ọmọ ò le. Àwọn tó ń gbé òṣùwọ̀n jókòó lẹ́bàá títì pọ̀, kí ọmọ gùn ún níṣojú yín. Ẹ má gba tẹnu òbí gbọ́. “Ọmọ mi fúyẹ́ o, kì í jẹun” ni gbogbo wọn ń wí. Màmá kan ní ọmọ òun ò ju 25. Òṣùwọ̀n ní 34. Ó ní báàgì ilé ìwé ni. A bọ́ báàgì, ó di 31. Ó ní ká bọ́ bàtà.

Àgbàlagbà pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́kàn mi. Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tí atẹ́gùn lè gbé lọ, kílò 44. Ẹ fi gàárì kún un, ó di 49. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni kóun máa rìn.

Ẹ wá ọmọ tó lè fẹsẹ̀ rìn wá. Bàbá kan láti Lẹ́kí fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti gbàgbé pé Third Mainland wà láàárín wa. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la rí i. Aago méje àárọ̀ Sátidé la máa ń gun ẹṣin kí oòrùn tó mú, ẹni tó bá dé ní aago mọ́kànlá, omi ló máa bá wa fún ẹṣin mu. Torí náà, àdúgbò Agége àti Ọ̀gbà ni mo wá lọ.

Ìwà ọmọ ló gba àsìkò jù. Sátidé méjì àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í gun nǹkan kan lọ́dọ̀ mi. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ èjìká ni ọmọ ń gbà súnmọ́ ẹṣin tàbí ó ń sáré gba ẹ̀yìn bọ̀, níbi tí ìpá wà. Ẹ fún un ní kárọ́ọ̀tì, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ. Nínú ọmọ mẹ́fà tó wá, mẹ́rin ń bèèrè ìgbà tí wọ́n máa gùn ún, ọ̀kan ń sunkún. Ìkẹfà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, bèèrè ìdí tí ẹṣin fi gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè díẹ̀. Màláàmù ní ó ń sinmi ni. Ọmọ náà bá dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà dà á láàmú. Mo ti mú un kí n tó wọ̀n ọ́n. Kílò 24.

Nígbà tó gorí ẹṣin, Màláàmù ló di okùn mú, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrìn lásán, oṣù kan gbáko. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ kọjá nínú irin ìtẹsẹ̀. Sálúbàtà, rárá. Akoto tó mọ́ orí pẹ́kípẹ́kí, okùn rẹ̀ ní dídè lábẹ́ àgbọ̀n. Tí ẹṣin bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń gbé ẹsẹ̀ kúkúrú kúkúrú, tàbí tó ń ju ìrù láìsí eṣinṣin, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀.

Àwọn òbí á sọ fún yín pé bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn ni. Ìyẹn dáa fún ẹni tó dàgbà. Ọmọbìnrin tí mo mú yìí ṣubú lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ ní kí n gbé e padà lójú ẹsẹ̀. Mi ò gbà. A jọ fún ẹṣin lómi, a jókòó, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ gùn ún ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan ni a ó máa wọ̀n ọ́n, kò sì ní sí ẹ̀bẹ̀ tó bá ti kọjá 27. Ó ti di 26 báyìí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ 18, òun ló ń bá wa gbá ìgbẹ́ ẹṣin láàárọ̀ Sátidé.