Ẹ Má Fi Láminéètì Ba Lẹ́tà Àwọn Bàbá Wa Jẹ́

Nígbà tí bàbá àgbà wa papò dà ní Ìsánlú, ẹ̀gbọ́n mi kan kó àwọn lẹ́tà inú àpótí páànù wọn lọ ṣe láminéètì. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Èyí tí bàbá kọ sí màmá láti Jọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ gbé sókè wò. Ooru ẹ̀rọ ti lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé pinpin, wọ́n sì ti gé etí rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ọjọ́ tí bàbá kọ ọ́ bá etí náà lọ. Ta ló fẹ́ bó ọ̀rá yẹn tí kò ní bó ìwé mọ́ ọn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ ibi tó ya, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á mú kí ìwé pọ́n. Ẹ yọ píìnì tó ti dípẹtà jẹ́jẹ́. Páálí mímọ́ dára ju ọ̀rá lọ, torí ọ̀rá ń sé ọ̀rinrin mọ́nú. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó kan ògiri, ikán ò gbàgbé ilé ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsù ni, kì í ṣe báírò.

Ẹ má ju àpò lẹ́tà nù. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ni kò ní ọjọ́, àmọ́ òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ á sọ ọ́. Rìsíìtì owó orí náà, ẹ má dáná sun ún. Ó lè jẹ́ inú rẹ̀ nìkan ni orúkọ bàbá yín wà.

Èyí tó dùn mí jù ni pínpín lẹ́tà bí aṣọ òkú. Ọ̀kan lọ Àbújá, èsì rẹ̀ lọ Èkó, a ò wá mọ ẹni tó ń dá ta lóhùn mọ́.

Àwa ará Òkun, ìyẹn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, tún máa ń sáré lọ wá ìwé ìjọba àtijọ́ ní ibi ìkówèésí ìjọba (National Archives) ní Ìbàdàn, torí Yorùbá ni wá. Àmọ́ láyé òyìnbó, Kabba Province la wà, Lọ́kọ́ja sì ni olú-ìlú rẹ̀, lábẹ́ Àríwá. Ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Kàdúná ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè fáìlì ayé ìgbà náà. Láti 1967 títí wọ́n fi dá Kogi sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ 1991, Ìlọrin, olú-ìlú Kwara, ni àwọn tó pọ̀ jù nínú wa ń jíṣẹ́ fún, ẹ béèrè níbẹ̀ náà. Ẹ má fi orúkọ ìdílé nìkan wá a. Ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń to fáìlì: owó orí, oyè, ààlà ilẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà tí òyìnbó gbà kọ orúkọ ìlú yín pẹ̀lú.

Lẹ́tà mẹ́ta ṣẹ́ kù tí ẹ̀rọ náà kò tíì kàn. Mo ti ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn wọn lábẹ́ ìbòòji, láìtan iná fóònù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kà wọ́n fún àbúrò bàbá mi obìnrin, wọ́n sì dá mi dúró níbi orúkọ kan: "Ọmọ tó kú yẹn nìyẹn. Èmi ni mo ń pọ̀n ọ́n."