Bí mo ṣe ṣètò ìrìn-àjò wa lọ sí ọgbà àjàrà etí òkun ní Cape Town

Wáìnì ni mò ń tà nítòsí Ìgbóòná l'Òṣogbo níbí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí ibi tó ti ń wá, oko gan-an ni mò ń sọ o, ibi tí àjàrà ti ń so. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lórí káńtà mi, Gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Kọ́sítọ́mà á wọlé á ní "Màmá, èyí tó dùn ni kẹ́ ẹ fún mi o, ẹ má fún mi ní èyí tó kan", mo sì fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀kan fi ń dùn tí èkejì fi ń kan, kì í ṣe kí n kàn máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Nígbà tí owó àjọ mi pé, mo sọ fún ọkọ mi pé Cape Town ni mo fẹ́ ká fi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àlàájà, gbọ́ sí i, wọ́n ní àwọn náà ń bá wa lọ. Èmi ni gbogbo ètò wá já lé léjìká, bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Mo ra ìwé ẹ̀sásáìsì kan, mo ṣí Google Maps, mo wá ń wo ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ọgbà àjàrà tó wà káàkiri Cape Town pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè rìn tán lọ. Stellenbosch ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ, ó sì tó nǹkan bíi àádọ́ta kìlómítà sí ìgboro. Ṣùgbọ́n èmi, ẹ̀bá òkun ni mo fẹ́, ìdí ẹ̀ sì rèé. Àjàrà tí oòrùn bá pa jù, ṣúgà inú ẹ̀ á tètè pọ̀, kíkan inú ẹ̀ á sì tètè lọ, wáìnì ẹ̀ á wá wúwo lẹ́nu. Níbi tí atẹ́gùn tútù bá ti ń fẹ́ wá láti inú òkun, èso náà á rọra pọ́n, kíkan ẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú ẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wáìnì náà mọ́ lẹ́nu. Torí náà mo mú ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni Constantia, ẹ̀yìn ìgboro Cape Town ló wà, ara òkè tó kọjú sí omi False Bay, ibẹ̀ náà sì ni oko wáìnì tó pẹ́ jù ní gbogbo Gúúsù Áfíríkà wà, gómìnà Simon van der Stel ló dá a sílẹ̀ ní 1685. Ìkejì ni àfonífojì Hemel-en-Aarde lẹ́yìn ìlú Hermanus, ìyẹn jìnnà díẹ̀, nǹkan bí 120 kìlómítà sí Cape Town, ó ju Òṣogbo sí Ìbàdàn lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbà ló gba ìrònú jù. Ìgbà tiwọn kì í ṣe bíi tiwa, oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ ni òtútù àti òjò máa ń mú níbẹ̀, igi àjàrà á ti wọ́wé tán, igi lásán lẹ máa rí. Oṣù kẹjọ ọ̀hún náà ni ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ìlú, mi ò sì lè ti ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn láéláé. Dìsẹ́ńbà ńkọ́? Ọjà ń yá, Cape Town gan-an á sì kún fún àwọn tó wá lo họ́lídéè, gbogbo nǹkan á wọ́n. Láti ìparí Jánúárì títí wọ Épírì ni wọ́n ń kórè, àjàrà wáìnì funfun ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tajà á mọ̀ pé lẹ́yìn ọdún tuntun ọjà máa ń dá, owó ti wọ sukúùfíì tán, torí náà Fẹ́búárì bá mi lára mu dáadáa. Àlàájà ní àwọn ò lọ síbi kankan tí ààwẹ̀ bá ti wọlé, a wá fi sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kó tó kan ààwẹ̀.

Ìwé ló kàn. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà, Èkó tàbí Àbújá lẹ ti máa lọ fìwé sílẹ̀. Steétímẹ́ǹtì báńkì, ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ dá dúró, gbogbo ẹ̀ ni mo tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan l'Òkè Fìà tí mo tò ó sínú fáìlì, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n á dá owó padà tí ẹ ò bá wá mọ́ ni mo mú, mi ò sì sanwó tíkẹ́ẹ̀tì tán kí físà tó jáde, mo rọ gbogbo èèyàn kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọ Gúúsù Áfíríkà láti Nàìjíríà láìsí i. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà ní tòótọ́, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa gbà á títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní garáàjì, ìlera yín ni, ìwé yín náà ni.

Ẹni tó máa wakọ̀ ni mo kọ sí orí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹ̀sásáìsì yẹn, kí n tó kọ orúkọ oko kankan. Ọkọ mi fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà, wọ́n ní kí a háyà mọ́tò kí àwọn máa wà á fúnra àwọn. Mo ní "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀." Nàìjíríà náà gba ọwọ́ òsì rí o, àmọ́ ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 la ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Yàtọ̀ síyẹn, òfin wọn lórí ọtí àti ọkọ̀ le, 0.05 gíráàmù ọtí nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni ààlà ẹ̀, ìtọ́wò oko méjì péré lè gbé èèyàn kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbà. Fún Constantia, tákísì orí fóònù bíi Uber wà, kò jìnnà sí ìgboro rárá. Bọ́ọ̀sì pupa tó ń gbé àlejò káàkiri náà wà, ẹ á sọ̀ ní Constantia Nek, ẹ á wá bọ́ sínú èyí tó ń lọ yí ká àwọn ọgbà wáìnì, tẹ́ ẹ bá parí ní ọ̀kan ẹ á dúró de òmíràn. Hermanus ni mo gba dírẹ́bà fún láti àárọ̀ dalẹ́, a ti dúnàádúrà lórí WhatsApp kí a tó kúrò n'ílé.

Oko méjì lójúmọ́ ni mo fi sí, mẹ́ta ló pọ̀ jù tí mo lè dá lábàá fún ẹnikẹ́ni. Ìdí ni pé níbì kan ṣoṣo wọ́n lè gbé oríṣi márùn-ún wá fún yín láti tọ́ wò, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́wò sì ti máa ń palẹ̀ mọ́ tó bá ti di nǹkan bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ń sáré láti ibì kan síbì kan ò ní rántí ohun tó mu. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oko kọ̀ọ̀kan ṣáájú, mo sọ iye wa, mo sì sọ pé ẹnì kan nínú wa kì í mutí. Àlàájà ti ń bi mí pé "Ṣé wọn ò ní máa wò mí ní ìwòkuwò báyìí?" Mo ní "Rárá mà, omi èso àjàrà tí kò tíì di ọtí wà, ẹ sì lè máa wo ọgbà." Ọkàn wọn wá balẹ̀.

A sùn l'Ékòó lọ́jọ́ tó ṣáájú torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ó tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà dé Johannesburg, wákàtí méjì sí i dé Cape Town. Ẹ gbé ádápítọ̀ dání, ihò iná wọn rí róbótó, púlọ́ọ̀gì tiwa ò wọ̀ ọ́. Ẹ gbé súwẹ́tà náà, ooru lòótọ́ ni, àmọ́ atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Cape Doctor, tó bá fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn, gèlè ò lè dúró lórí.

Groot Constantia, oko tó pẹ́ jù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, la fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn tá a ti jẹun yó, ẹ má tọ́ wáìnì wò nígbà tí ebi bá ń pa yín. Ibẹ̀ ní mùsíọ́mù, wọ́n sì kọ ìtàn àwọn ẹrú tó ṣiṣẹ́ oko yẹn síbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wá láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti Indonesia, kí wọ́n tó fòpin sí lílo èèyàn bí ẹrú níbẹ̀ ní 1834. Àlàájà ka gbogbo ẹ̀, wọn ò fo ọ̀kan. Inú mi dùn pé mo fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ètò, torí ọwọ́ àwọn èèyàn yẹn ló gbin igi tí gbogbo ayé wá ń yìn.

Klein Constantia la lọ lọ́sàn-án, tìtorí wáìnì dídùn wọn tí wọ́n ń pè ní Vin de Constance ni. Wọ́n máa ń fi àjàrà Muscat sílẹ̀ lórí igi títí ara ẹ̀ á fi hunjọ, wọ́n á wá máa padà sínú oko léraléra láti ṣa èyí tó ti tó. Wáìnì Constantia yìí ni Napoleon, ọba Faransé ìgbà kan, ń mu ní erékùṣù Saint Helena. Ó pa rẹ́ nígbà tó yá, wọ́n sì tún jí i dìde pẹ̀lú ìkórè 1986. Obìnrin tó ń dá wa lóhùn bu díẹ̀ sí gíláàsì kékeré, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n bí oyin, ó ní ká kọ́kọ́ gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo fi sẹ́nu, ó dùn gan-an ni, lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ kíkan kan nísàlẹ̀ adùn yẹn, ó gbá adùn náà kúrò lórí ahọ́n, kò lẹ̀ mọ́ ọ̀fun rárá. Ohun tí mo wá láti Òṣogbo rèé. Èyí tó dùn tí àwọn èèyàn mi ń béèrè, kíkan ló ń jẹ́ kó ṣeé mu tán. Ike kan wà lórí tábìlì tẹ́ ẹ lè tu wáìnì sí, kò sí àrífín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọṣẹ́ ń ṣe.

Ọ̀nà Hermanus, mo sọ fún dírẹ́bà kó gba R44 tó fara ti òkun, òkun lápá ọ̀tún, òkè lápá òsì, a sì yà ní Betty's Bay wo ẹyẹ pẹ́ńgúìnì, Àlàájà ya fọ́tò títí fóònù wọn fi kú. Ní Hemel-en-Aarde a dé oko Hamilton Russell, ibẹ̀ ti wà láti 1975, oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Chardonnay, nìkan ni wọ́n ń gbìn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja àbùùbùtán, Júùnù sí Nòfẹ́ńbà ni wọ́n máa ń wá sí omi ibẹ̀, àmọ́ kò ní bá àjàrà tó pọ́n lórí igi, kó yan èyí tó wù ú.

Ẹrù pípadà: báàgì ńlá tí wọ́n ń wọ̀n ni kẹ́ ẹ kó ìgò sí, omi tó ju 100 mílílítà lọ ò lè bá yín wọlé lọ́wọ́. Ìborùn Àlàájà la fi wé tèmi, kò sì sí èyí tó fọ́. Vin de Constance kan ṣoṣo ni mo rà, owó ẹ̀ ga, ìgò ẹ̀ ò sì ju ìdajì lítà lọ. Mo ti ń ṣàlàyé fún kọ́sítọ́mà báyìí, mo máa ń ṣí èyí tó kan díẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ẹran sísun, àwọn kan ti ń padà wá rà á. Stellenbosch níbi tí Abraham Perold ti mú oríṣi àjàrà tí wọ́n ń pè ní Pinotage jáde ní 1925 ṣì wà nínú ìwé ẹ̀sásáìsì mi, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ àjọ ẹ̀.