Pádì iwájú ló ń jẹ owó, ẹ̀yìn ni àrùn wà

Láàárín oṣù mẹ́jọ, ìgbà mẹ́ta ni mo ra pádì búréèkì iwájú fún Toyota Hilux kan ṣoṣo. ₦32,000 ni mo ra ti àkọ́kọ́, nígbà tí mo fi máa ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta ó ti di ₦41,000, owó iṣẹ́ ò sí nínú rẹ̀. Kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ tí irin ẹ̀yìn pádì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha dísìkì, àwo irin tí pádì ń gbá mú. Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ohun tó fà á, èsì kan náà ni àwọn mẹkáníìkì ń fún mi: “Ọ̀gá, pádì ayédèrú ni wọ́n tà fún yín.” Mo ra èyí tó wọ́n jù lọ́jà, kò yí nǹkan kan padà. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé pádì ò jẹ̀bi. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kò ṣiṣẹ́, iwájú nìkan ló ń dá gbogbo ẹrù dúró.

Ọkọ̀ ọdún 2010 ni, gíà ọwọ́, kò ní ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró láìyí tí a bá tẹ búréèkì. Dísìkì ló wà níwájú, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn, irin bí ìkòkò tí ṣúù búréèkì ń tẹ̀ láti inú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà ló ń kó láti Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè wá sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà ló pọ̀ níbi òkè yẹn. Tí ẹrù bá ti wà lẹ́yìn, àfi kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba ìpín tirẹ̀ nínú iṣẹ́, torí orí rẹ̀ ni ìwúwo jókòó lé.

Àyẹ̀wò tó tú àṣírí ò ná mi ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ẹrù, mo dúró síbi tó tẹ́jú, mo ti ọwọ́ bọ omi, mo sì wọ́n ẹ̀kán méjì mẹ́ta sára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán ni mo wí o. Ẹni tó bá da omi lé dísìkì gbígbóná lè mú kó wọ́ tàbí kó sán. Ní iwájú, omi ò tíì balẹ̀ tó ti hó ṣàà. Dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ọ̀tún lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ti òsì tutù bí ìkòkò àmù. Ẹsẹ̀ tí kò bá gbóná lẹ́yìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, kò bá wọn dá ọkọ̀ dúró rárá.

Ìdí tí awakọ̀ ò fi fura ni pé pẹ́dà búréèkì le dáadáa. Lára ọkọ̀ yìí, mastà sílíńdà, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì búréèkì, pín ọ́ìlì sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ń jò ni, pẹ́dà á wọlẹ̀, ènìyàn á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá dí ọ̀nà ọ́ìlì pa, ibi tí ọ́ìlì ń lọ ti dín kù nìyẹn, pẹ́dà á tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pẹ́dà líle kì í ṣe ẹ̀rí pé búréèkì dára.

Mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ sókè. Òkúta síwájú táyà iwájú àti sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tú búréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kí ọkọ̀ sì jókòó lórí sítáǹdì irin. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì máa ń fọ́ lójijì, ẹ má fi ẹ̀mí tì í. Bí dírọ́ọ̀mù bá lẹ̀ mọ́bẹ̀, ẹ má fi òòlù lu etí rẹ̀. Ihò méjì wà lójú rẹ̀ tó ní eyín bóòtì. Bóòtì M8 méjì ni ẹ ó fi síbẹ̀, ẹ máa fún wọn ní ìdajì-ìdajì yípo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Dírọ́ọ̀mù á ti ara rẹ̀ jáde.

Ohun tí mo rí lẹ́yìn òsì ló bà mí nínú jẹ́ jù. Wọ́n ti tú páìpù irin tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí wíìlì sílíńdà, èyí tó ń fi agbára ọ́ìlì ti ṣúù, wọ́n ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po bí ẹni ṣẹ́tí aṣọ, wọ́n wá fi òòlù lù ú títí tó fi pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Ojú òòlù ṣì hàn lára rẹ̀ lábẹ́ ìpata. Wíìlì sílíńdà ti jò nígbà kan, dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n gba owó, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa gbé ènìyàn àti ẹrù sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Wọ́n wá lo àjákù nọ́ọ̀tì rẹ̀ láti fi dí ojú wíìlì sílíńdà kí ìdọ̀tí má bàa wọlé. Àwọn tó ń ṣe irú èyí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ yín fúnra yín.

Wíìlì sílíńdà tuntun kò ṣòro láti rí, ₦9,000 ni mo rà á. Kí ẹ sáà fi nọ́ńbà tó wà lára ògbólógbòó wé ti tuntun, torí ìwọ̀n ihò inú rẹ̀ ló ń sọ bí yóò ṣe fi agbára ti ṣúù tó. Méjèèjì ni mo pààrọ̀, tọ̀tún tòsì, kí wọ́n lè máa fà bákan náà.

Páìpù ló dá mi dúró fún odidi ọjọ́ méjì.

Orí rẹ̀ kejì wọ inú irin oníhò mẹ́ta tó wà lórí áásù (irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), níbi tí ọ́ìlì ti ń pín sọ́tùn-ún sósì. Nọ́ọ̀tì 10 mm ni. Mo fi sípánà ẹlẹ́nu gbàgà kan án lẹ́ẹ̀kan péré, igun rẹ̀ ti yọ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é. Sípánà tó yẹ fún nọ́ọ̀tì páìpù búréèkì máa ń gbá a mú yíká, àlàfo kékeré tí páìpù ń gbà wọlé nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo fún WD-40, ọ́ìlì tó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípata, sí i, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fi fáìsì gíríìpù fún un, páìpù bá ń lọ́ pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì. Ẹnì kan ní kí a fi iná gaasi sí i. Mi ò gbà, nítorí họ́ọ̀sì rọ́bà ò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí ibẹ̀, ọ́ìlì sì wà nínú rẹ̀. Tí irin oníhò mẹ́ta yẹn bá sì bàjẹ́, mo ti ra gbogbo páìpù ẹ̀yìn nìyẹn.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi ayùn irin gé páìpù náà kúrò lẹ́nu nọ́ọ̀tì. Páìpù ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún ń tọ́jú? Bí páìpù ṣe kúrò lójú ọ̀nà, sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 mm onígun mẹ́fà lè bọ́ sórí nọ́ọ̀tì. Mo fi òòlù kékeré gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, mo fún un, ó sì tú. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kan ò bá má ṣòfò.

Ìgbà náà ni wàhálà rírà páìpù wá bẹ̀rẹ̀ ní Aráròmí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate, Ìbàdàn. Ẹni àkọ́kọ́ mú páìpù bàbà àwọn oníṣẹ́ fíríìjì wá, ó ní òun á fi irinṣẹ́ wọn ṣí ẹnu rẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀. Irinṣẹ́ yẹn ìpele kan ṣoṣo ló ń ṣí ẹnu páìpù sí. Ti búréèkì, a kọ́kọ́ máa ń ká ẹnu páìpù sínú, ká tó wá ṣí i, kí irin lè di ìpele méjì. Ìpele kan á sán lójú ibi tí nọ́ọ̀tì tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá tẹ búréèkì gan-an ló sì máa sán. Mo ní rárá.

Ẹnìkejì mú páìpù irin tòkunbọ̀ wá, nọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ inú ti ọkọ̀ mi wẹ́kú, inú mi ti dùn. Ìgbà tí mo tún ẹnu rẹ̀ wò dáadáa ni mo rí i pé ó yọ gbùngbùn bíi bọ́tìnnì. Ara ọkọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti gé e. Ti Toyota máa ń ṣí gbàgà bí ẹnu àrọ. Nọ́ọ̀tì méjèèjì lè jẹ́ M10 eléyín kan náà, kí ẹnu páìpù má sì bára mu, ọ́ìlì á kàn máa jò wínníwínní ni. Ẹ mú ògbólógbòó yín lọ́wọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ sì wo ẹnu kí ẹ tó wo nọ́ọ̀tì.

Ẹnìkẹta ló ní áásù Hilux irú tèmi nílẹ̀. Mo sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni kó tú páìpù náà níṣojú mi, kó má fi ayùn gé e. ₦6,000. Mo fi ọ́ìlì búréèkì tuntun fọ inú rẹ̀, mo fi afẹ́fẹ́ àwọn fọkanáísà fẹ́ ẹ gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Títo ṣúù kò gba wákàtí kan. Mo fi omi ọṣẹ fọ eruku kúrò, mi ò fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, torí a ò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ láínìn (ohun tó ń yún dírọ́ọ̀mù lójú ṣúù) olówó pọ́ọ́kú. Gírísì tí kì í yọ́ lójú ooru ni mo fi ra ibi tí ṣúù ti ń yún irin ẹ̀yìn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má bàa ta sójú láínìn. Ẹ ṣọ́ra fún ajọ́ọ̀sítà, bóòtì tó ń sún ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù. Ti ọ̀tún ti gan pa, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ náà fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ dípò kó gbóná. Eyín ti ọ̀tún àti ti òsì lòdì síra wọn. Tí ẹ bá pààrọ̀ wọn síra, dípò kí ṣúù máa sún mọ́ dírọ́ọ̀mù, ńṣe ni yóò máa sún sẹ́yìn. Mo yí i títí táyà ò fi lè yí mọ́, mo dá a padà ní eyín mẹ́jọ, táyà wá ń yí, ó sì ń dún ṣẹ́rẹ́ díẹ̀.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, àfi ìgbà tí mo wo fáàfù ẹrù. Ó wà lára ṣáásì lókè áásù ẹ̀yìn, ọ̀pá kan so ó mọ́ áásù. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá náà á ti fáàfù sókè, ọ́ìlì púpọ̀ á sì dé ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá gbéra, á dín in kù kí táyà ẹ̀yìn má bàa gan, kó dúró láìyí, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ó wá ṣe tán, wọ́n ti fi ewé súpíríìnì méjì kún ti ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè gbé agbagbà púpọ̀. Ẹ̀yìn ò wọlẹ̀ mọ́, fáàfù sì gbà pé ọkọ̀ ṣófo nígbà gbogbo. Gbogbo ẹni tó bá ti fi ewé kún súpíríìnì Hilux, èyí kàn yín, kò sì sí ẹni tó máa sọ ọ́ fún yín níbi tí wọ́n ti ń ta ewé náà.

4 cm ni ewé náà gbé ẹ̀yìn sókè. Mo ní kí wẹ́dà ṣe irin tó máa gbé ìdí ọ̀pá náà lórí áásù sókè ní ìwọ̀n kan náà. Mo dán ọkọ̀ wò ní òfìfo, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí, ní 30 km/h. Táyà ẹ̀yìn gan ṣáájú ti iwájú, ìdí ọkọ̀ sì fẹ́ yí. Ìyẹn léwu ju èyí tí a ń sá fún lọ. Mo dín in kù sí 3 cm, iwájú ló wá kọ́kọ́ ń gan. Òfìfo ni kí ẹ ti dán an wò, torí ẹrù máa ń bo irú àṣìṣe yẹn mọ́lẹ̀.

Fífa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù búréèkì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì, mo fi ti fáàfù ẹrù kádìí rẹ̀, nítorí òun náà ní nọ́ọ̀tì afẹ́fẹ́ tirẹ̀. Ọ́ìlì tó kọ́kọ́ jáde dúdú bí àdín. DOT 3 (irú ọ́ìlì búréèkì kan) tuntun máa ń hó ní 205°C ó kéré tán, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó lè wá sílẹ̀ sí 140°C, ẹ sì ronú ooru tó wà nídìí pádì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lítà kan gbáko ni mo lò títí tó fi jáde mọ́lẹ̀ kedere. Inú ike tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni kó ti wá. Ọ́ìlì sítíárì tàbí ti ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kàn án, á wú gbogbo rọ́bà inú rẹ̀, owó mastà sílíńdà á sì dé.

Oṣù márùn-ún rèé. Pádì kẹrin ṣì nípọn tó 7 mm, ọ̀nà kan náà, ẹrù kan náà. Nígbà tí mo tún wọ́n omi sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn méjèèjì hó, iwájú sì hó jù wọ́n lọ díẹ̀.