Ẹ ṣọ́ra fún jọ́nà tó ń pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì l'Amẹ́ríkà, láìpẹ́ ẹnì kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ ṣèwádìí, torí òun làwọn tó ń gbani sí másítà àti PhD máa ń wò. Òótọ́ ni, kò sì le. Ẹ kọ ímeèlì sí olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wù yín, ẹ wọ láàbù rẹ̀, ẹ ṣiṣẹ́, ẹ kọ àṣamọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ fi ṣe pósítà, ẹ dúró tì í lọ́jọ́ ìpàtẹ ìwádìí iléèwé yín. Tó bá dáa, ẹ gbé e lọ sí NCUR, ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Asheville, North Carolina, lọ́dún 1987. Ẹ béèrè bóyá iléèwé á san owó ọkọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà F-1, ẹ má gbọ́kàn lé REU, ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ń náwó sí nígbà sọ́mà: ọmọ onílùú àtẹni tó ní green card ni wọ́n ń fowó yẹn san fún. Ó parí. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí.

Ní ọdún kẹta mi ní Texas, ìdin ẹ̀fọn ni mò ń kà. Èmi àti obìnrin kan tó ń ṣe PhD la jọ ń fà wọ́n jáde nínú omi adágún sínú abọ́ funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú á fi máa ṣe wá bàìbàì. Mo ṣe pósítà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé àṣamọ̀ mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ímeèlì mi. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà wọlé látọ̀dọ̀ jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, pé kí n kọ iṣẹ́ mi ránṣẹ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó gbajúmọ̀, a ti ka iṣẹ́ ribiribi yín." Ọ̀jọ̀gbọ́n! Èmi tó jẹ́ Indomie ni mò ń jẹ sùn. Kàkà kí n fura, ńṣe lorí mi wú. Mo ti ń ro bí màmá mi ṣe máa fi han gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní Ìkìrun lórí WhatsApp.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ iṣẹ́ náà. Mo fi orúkọ ọ̀gá mi àti ti obìnrin yẹn sí i, mo ní kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti gbà á. Kò sẹ́ni tó ní kí n tún gbólóhùn kan ṣe, bẹ́ẹ̀ àròpọ̀ inú àtẹ kejì ò tọ̀nà, èmi fúnra mi rí i nígbà tó yá. Ni wọ́n bá bu owó lé mi: 650 dọ́là, mo sì fi káàdì san án. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ F-1 lè fi ṣiṣẹ́ nínú ọgbà nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àwo ni mo sì ń fọ̀. Ẹ ṣírò iye àwo.

Google ni ọ̀gá mi fi rí i. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló fún ẹ láṣẹ?" Àwọn nọ́ńbà yẹn ni orí kejì nínú iṣẹ́ PhD obìnrin náà, jọ́nà gidi tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí kì í sì í gba ohun tó ti jáde níbòmíràn. Mo kọ̀wé sí jọ́nà tó tàn mí pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní kí n san 400 dọ́là owó ìyọkúrò. Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó jí ewúrẹ́ èèyàn gbé tún ń gba owó okùn.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ẹ ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun ránṣẹ́ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tórúkọ wọn wà lórí ẹ̀ ti kà á tán, tí wọ́n sì ní ó yá. Ohun tẹ́ ẹ kà ní láàbù kì í ṣe tiyín nìkan! Jọ́nà gidi kì í bẹ èèyàn lóru. Wọ́n á gbé iṣẹ́ fún onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn yẹn á tọ́ka sí àṣìṣe inú ẹ̀, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, oṣù á máa gorí oṣù. ISSN tí wọ́n ń nà sí yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ jọ́nà, ò fi hàn pé jọ́nà kan dáa. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní jọ́nà gidi náà ń gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan ń gbà á kí gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ iye ẹ̀ síta kẹ́ ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́, owó ìwádìí ọ̀gá yín ló sì sábà máa ń san án, kì í ṣe owó àwo. Ẹ wá orúkọ jọ́nà náà nínú DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí gbogbo ayé lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ka àwọn ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ jọ́nà wò lórí ìkànnì Think. Check. Submit., tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Iṣẹ́ wọn ni, ẹ má tijú.

Ẹ má sì rò pé ojú tiyín ti là jù. Lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Nevada ní kí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe irú jọ́nà báyìí san ohun tó lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là, lẹ́yìn tí FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn olùwádìí gidi wà lára àwọn tí wọ́n tàn, ká má tiẹ̀ wá sọ ọmọ ogún ọdún.

Bẹ́ ẹ bá ti kó sí i, ẹ má san owó ìyọkúrò, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá yín lónìí, kó tó fi Google rí i. Kẹ́ ẹ sì tètè pe báńkì tó ni káàdì tẹ́ ẹ fi sanwó, bóyá wọ́n lè bá yín gba owó náà padà. Èmi ń tijú títí ó fi di oṣù karùn-ún kí n tó pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ká ní mo ti pè ṣáájú ni.