Bí Ọ̀gá Mi Ṣe Gbà Láti Sanwó Àpérò Tí Mo Lọ ní Àbújá

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ̀gá mi kò lo ọjọ́ méjì lórí tábìlì rẹ̀ kó tó padà sọ́wọ́ mi. Bírò pupa ló fi kọ èsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Kò sówó. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Mo ká a, mo tì í bọ àpò aṣọ funfun tí a ń wọ̀ ní láàbù, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Ó dùn mí gan-an, nítorí ohun kan náà ló kọ fún ẹni tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ náà, kí ẹni yẹn tó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní láàbù ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Dókítà tó ni ín, ìyẹn ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n Sabon Gari ní Kánò ni wọ́n bí i sí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń gbé Kàdúná. Àwa mẹ́ta la wà ní láàbù, èmi sì ni àgbà. Àpérò tí mo fẹ́ lọ jẹ́ ti àwa oníṣẹ́ láàbù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ní Àbújá.

Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo tún lẹ́tà náà kà. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ń sọ. Mo fẹ́ kọ́ sí i. Yóò ràn mí lọ́wọ́. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi, tí a máa ń tún gbà lọ́dọọdún, ń fẹ́ kí n fi hàn pé mo ń kẹ́kọ̀ọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á ni ẹni tó ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, tó ń san owó oṣù, tó ń ra oògùn àyẹ̀wò tí owó rẹ̀ ń gòkè bí dọ́là bá ti gòkè. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú lẹ́tà yẹn tó kan òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi owó sí i: ₦240,000, láìṣe àlàyé ju ìlà mẹ́rin lọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbàdúrà fún. Àṣìṣe ni, ọwọ́ wa ló sì ti wá.

Ìdílé kan ní àdúgbò Kákúrí ń múra ìgbéyàwó ọmọkùnrin wọn. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, a kọ AC. Bàbá rẹ̀, oníṣòwò tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, mú un lọ sí ibi méjì mìíràn. AS ni àwọn méjèèjì kọ. Ó gbé bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ó tò wọ́n sórí káńtà wa, ó ní: "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wo ni kí n mú nínú mẹ́ta yìí?"

Kí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ wa lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: a máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà, a ó fọ́ ọ, a ó wá tò ó ní kín-ń-kín sórí bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Inú táǹkì kékeré tó ní omi tí a po fún iṣẹ́ yìí, tí a ń pè ní bọ́fà, ni bébà yẹn ń wọ̀, a ó sì tan iná sí i. Iná ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Nínú irú èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń wá, èyí tí a ń pè ní "A" ló ń sáré jù, "S" tẹ̀lé e, "C" ló ń kẹ́yìn. AS máa ń yọ ìlà pupa méjì, AC náà máa ń yọ méjì; ibi tí ìlà kejì dúró sí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí a bá ti lo bọ́fà kan ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, S àti C kò ní jìnnà síra tó, ojú tó sì rẹ̀ yóò ka ọ̀kan sí èkejì. Mo po bọ́fà tuntun, mo tò ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà sáàárín ẹ̀jẹ̀ AS kan àti AC kan tí mo mọ̀ dájú. Mo gbé bébà náà sókè sí fèrèsé. Ìlà rẹ̀ kejì wà ní ìdúró kan náà pẹ̀lú ti AS, kò yà ní ìwọ̀n irun orí. Àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá S wà nínú ẹ̀jẹ̀ lóòótọ́ ni mo fi kádìí rẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

AA ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà náà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ AC ni ńkọ́? À bá sọ fún wọn pé AC fẹ́ AC, nígbà tó jẹ́ pé AS ló ń fẹ́ AC, àwọn wọ̀nyẹn sì lè bí ọmọ SC, tó jẹ́ ọ̀kan nínú irú àìsàn fòníkúfọ̀ládìde. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ̀ wọ́n nílé, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó ṣí fìlà kó tó wọlé. Wọ́n gbà, wọ́n tilẹ̀ fún wa lómi. Nígbà tí a ń bọ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi kọjá afárá odò Kàdúná, ó wá ní: "Ìyá Ìbejì, irú èyí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì mo da bọ́fà àtijọ́ nù. Mo ní kí a má tò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan mọ́ láìfi AS àti AC tí a mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí mo lè ṣe láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kí n ṣe é ṣáájú kí n tó bèèrè ohunkóhun. Nígbà tó pé oṣù kan ni mo kọ lẹ́tà kejì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Sà, ẹ sọ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a ti Kákúrí dé pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Èyí ni ohun tí a ti yí padà, èyí sì ni ohun tí a kò tíì mọ̀." Mo tẹ ètò àpérò náà jáde, mo fi bírò yí ìjókòó mẹ́ta péré ká nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́wọ́ọ́ṣe lórí bí a ṣe ń ṣọ́ àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kó má baà ṣì. Àwọn tó kù, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni tàbí àsè alẹ́, n kò dárúkọ wọn.

Mo so bébà kejì mọ́ ọn: ẹni tí yóò dúró ní ipò mi lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjèèjì. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọ̀gá yín yóò máa ro ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò fi dúró, kò sì ní sọ ọ́ fún yín. "Kò sówó" ni yóò sọ.

Owó ni mo wá gé. Hòtẹ́ẹ̀lì ti kó ₦105,000 nínú ti àkọ́kọ́. Àǹtí mi ń gbé Kubwa ní Àbújá, mo sì pè é kí n tó kọ ohunkóhun. Ó ní kí n máa bọ̀, pé ṣé mo fẹ́ máa sanwó oorun nígbà tí òun wà láyé ni. Ìforúkọsílẹ̀ ₦70,000, ọkọ̀ ₦28,000, oúnjẹ ₦20,000. Ó di ₦118,000.

Bọ̀dá Akáńtáǹtì, ọmọ Ọ̀fà, ni mo kọ́kọ́ gbé e fún kó bá mi wo ìṣirò náà. Òun ló la ojú mi sí ohun tí n kò gbọ́ rí. Àjọ kan wà tó ń rí sí kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níṣẹ́, tó ń jẹ́ ITF (Industrial Training Fund), ọdún 1971 ni ìjọba dá a sílẹ̀, Jọs ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ máa san 1% gbogbo owó oṣù tó ń san lọ́dún fún wọn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá sì fi ẹ̀rí hàn bó ṣe yẹ pé òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun níṣẹ́, ó lè gbà tó ìdajì owó tó san padà. Bọ̀dá ní: "Ọdọọdún la ń san án. A kò bèèrè rẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó lọ kọ́ nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà méjì sí ẹ̀yìn lẹ́tà mi. Mo rò pé ìlà méjì yẹn ṣe iṣẹ́ ju ojú ewé mi méjèèjì lọ, nítorí ẹnu ẹni tó ń ṣọ́ owó ló ti jáde.

N kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Mo dúró di Sátidé, nígbà tí ọ̀sẹ̀ owó oṣù ti kọjá tí èrò sì ti fọ́n, mo mú un wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo jókòó. Ó kà á tán, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, bí o bá dé ọ̀hún tí wọ́n wá gbà ọ́ síṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí mo ti kọ́, ìlú òyìnbó ni wọ́n wà báyìí."

Mo ti mọ̀ pé yóò bèèrè, n kò sì bú ẹnikẹ́ni tó lọ. Mo ní: "Sà, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún kan, kí ẹ yọ owó náà nínú owó oṣù mi tó kẹ́yìn." Ọdún méjì ló fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì dúró lórí ọdún kan. Ọdún méjì nítorí ₦118,000 kò tọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wò mí títí, ó ní ó dáa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló wá pẹ́ jù. Kò sí ẹni tó ń gbé Kàdúná tó gbàgbé ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Àbújá. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ náà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà. Dókítà ní òun kò ní fi ẹsẹ̀ ara òun wá sọ fún ọkọ mi pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àwáwí. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo ṣèlérí pé ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni n ó wọ̀ láti ibùdókọ̀ Rigasa ní Kàdúná, pé n kò ní gba ojú títì, pé n ó pè é bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Kubwa, pé ti àárọ̀ náà ni n ó fi padà. Ó mú bírò. Búlúù ni lọ́tẹ̀ yìí.

Mo lọ, mo sì dé ní àlàáfíà. Nínú ìjókòó mẹ́ta tí mo yí ká, ọ̀kan kò níláárí, méjì tó gbogbo owó náà. Mo kó gbogbo rìsíìtì jọ, títí kan ti takisí tí mo ní kí awakọ̀ fi ọwọ́ kọ fún mi, mo sì dá ₦6,500 tó ṣẹ́ kù padà fún Bọ̀dá. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló ń kó ìwé ITF jọ báyìí.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo lẹ bébà kan mọ́ ògiri lókè táǹkì: ọjọ́ tí a po bọ́fà, iye ìgbà tí a ti lò ó, ẹni tó tò ó, ẹni tó kà á, àti àmì ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì. Dókítà wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan títí dé ìsàlẹ̀, ó wá yíjú sí mi: "Ta ló ka ti àná? N kò rí àmì rẹ̀ níbí."