Bí a ṣe ń ra páàtì bàálù láti Ìlọrin lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é

Ẹni tó bá ń tún bàálù ṣe ní pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin lè rò pé olú ilé-iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà lòun yóò kọ̀wé sí. Ibẹ̀ lọjọ́ ti ń ṣòfò. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní ẹ̀ka káàkiri ayé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ̀ka kan ń ṣe kì í ṣe ti èkejì. Toulouse ni olú ilé-iṣẹ́ Airbus. Ó ń to irú bàálù rẹ̀ tí à ń pè ní A320 ní Tianjin, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, láti 2008, ó sì tún ń tò ó ní Mobile, ní Amẹ́ríkà, láti 2015. Kò sẹ́ni tó máa ta bóòtù kan ṣoṣo fún yín ní ibi méjèèjì. Satair, tí Airbus rà ní 2011, tó fi Copenhagen ṣe ibùjókòó, ló ń ta páàtì. Ti Boeing náà ò yàtọ̀: Aviall, olùta páàtì tó rà ní 2006, wà lára ohun tó di Boeing Distribution lónìí. Ọ́fíìsì tí wọ́n bá ṣí sí Áfíríkà sábà máa ń wà fún títa odindi bàálù àti bíbá ìjọba sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wá pọ́ǹpù epo débẹ̀ dà bí ẹni tó wá ẹ̀fọ́ lọ sí ìsọ̀ aláṣọ òkè ní Ọjà Ọba.

Ta ló ni ìwé àṣẹ irú bàálù náà lónìí?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. CRJ tí wọ́n kọ Bombardier sí lára ti bọ́ sọ́wọ́ Mitsubishi láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2020. MHI RJ, ẹ̀ka Mitsubishi, lẹ ó kọ̀wé sí. Dash 8 ti wà lọ́wọ́ De Havilland Canada láti 2019. Ẹ lọ sórí ìkànnì EASA, FAA tàbí Transport Canada (àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kánádà), kẹ́ ẹ wá Type Certificate Data Sheet, ìyẹn ìwé àlàyé àṣẹ irú bàálù náà. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ẹni tó ni ìwé àṣẹ, bó ṣe wà nínú ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn, lẹ ó tẹ̀ lé.

Ẹ́ńjìnnì ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, pùròpẹ́là náà sì ní tirẹ̀. Ẹ wo Diamond, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù kékeré bíi DA40 àti DA42, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfúrufú fẹ́ràn. Wiener Neustadt, ní Austria, ni ibùjókòó rẹ̀, ó sì ní ilé-iṣẹ́ ní London, èyí tó wà ní Ontario ní Kánádà (ẹ kọ orúkọ ìlú náà tán pátá lórí àdírẹ́sì). DA40 kan lè gbé ẹ́ńjìnnì Lycoming láti Pennsylvania, kí òmíràn gbé Austro Engine. Àwọn DA42 àkọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ Thielert. Ilé-iṣẹ́ yẹn wọ gbèsè tí kò lè san ní 2008. Continental tó wà ní Sankt Egidien, ní Jámánì, ló ń bójú tó ẹ́ńjìnnì wọn báyìí.

Ohun tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní

Ẹ kọ irú bàálù náà, nọ́ńbà síríà rẹ̀, nọ́ńbà páàtì látinú ìwé àwòrán páàtì àti ẹ̀dà ìwé tẹ́ ẹ lò, iye tẹ́ ẹ fẹ́, àti bóyá tuntun lẹ fẹ́ tàbí èyí tí a tún ṣe. Nọ́ńbà síríà ló ṣe pàtàkì jù, nítorí bàálù méjì tó jọra lè lo páàtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí àtúnṣe tí wọ́n ṣe láàárín. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé àṣẹ NCAA (àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà) ti ilé àtúnṣe yín sí i. Wọ́n tún lè ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin lẹ máa lò ó. Tó bá jẹ́ pààrọ̀ ni, tẹ́ ẹ máa fi ògbólógbòó páàtì ránṣẹ́ sí wọn, ẹ béèrè ọjọ́ tí ògbólógbòó gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó bá pẹ́, owó tí wọ́n ń gbà lé e lè ju ti páàtì gan-an lọ.

Owó àti ọ̀nà

Kẹ́rù tó gbéra, ẹ ti ṣí Form M (ìwé tí a fi ń kéde ẹrù tí a fẹ́ kó wọlé) ní báńkì, pẹ̀lú proforma invoice (ìwé iye owó tí ẹni tó ń tajà kọ ṣáájú) àti ìwé adójútòfò ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà. Ẹrù tó bá ṣáájú Form M dé Ìkẹjà yóò jókòó síbẹ̀. Bí iye tí wọ́n kọ bá jẹ́ EXW, ìyẹn iye ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọn, ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo ohun tó bá kọjá ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ béèrè nípa ẹrù eléwu pẹ̀lú: ọ̀dà, gáàsì àti bátìrì ní òfin tiwọn. Bátìrì lithium-ion tó dá wà, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú òfin ẹrù eléwu jẹ́ UN3480, kò gbọ́dọ̀ wọ ikùn bàálù èrò láti oṣù kẹrin 2016, nítorí náà bàálù ẹrù nìkan ló lè gbé e.

Nígbà tí àpótí bá dé

Ẹ má tíì kó o wọ ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ gbé e sórí pẹpẹ ọ̀tọ̀ títí ẹrù àti ìwé yóò fi bára mu. Ìwé ẹ̀rí pé páàtì náà yẹ fún bàálù ni à ń sọ: Form 1 ni ti EASA, 8130-3 ni ti FAA. Lórí ìwé náà, àpótí 8 ni nọ́ńbà páàtì, 10 ni nọ́ńbà síríà, 11 ni ipò rẹ̀. Páàtì tuntun ni wọ́n ń buwọ́ lù ní 13, èyí tí a tún ṣe ní 14. Bí wọ́n bá buwọ́ lu méjèèjì, ẹ dá a padà. Àpótí 12 ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìníà ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ ìkìlọ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó wà ní àpótí 4 kẹ́ ẹ béèrè bóyá àwọn ló fún un. Àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín wá ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹni tó tajà fún yín. Ní 2023 ni àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ kan ní London ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi ayédèrú ìwé ta páàtì ẹ́ńjìnnì CFM56, tí Boeing 737 àti A320 ń gbé. Irú ìbéèrè yìí ló tú u.

Tó bá jẹ́ òrùka rọ́bà ni, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ọ̀rá rẹ̀: 2Q24 túmọ̀ sí ìdá kejì nínú mẹ́rin ọdún 2024, ìyẹn oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Ẹ fi í wé iye ọdún tí ẹni tó ṣe é ní ó lè pẹ́ tó, kẹ́ ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó. Abẹ́ páànù lásán kọ́ ni ibi ìpamọ́ rẹ̀ nínú ooru oṣù kẹta Ìlọrin. Yàrá tútù tí oòrùn kò dé ni.